Kí N Tó Béèrè Ọmọ, Oorun Ìyá Ni Mo Máa Ń Béèrè

Ìyá kan wọ yàrá mi lọ́jọ́ kan, ọmọ rẹ̀ ọkùnrin, ọmọ ọdún mẹ́fà, ló ṣíwájú. Ọmọ kọjá lọ tààrà sídìí fáànù, ó dúró, ó ń wo bó ṣe ń yí. Ìyá jókòó. Mo ní, "Ẹ káàbọ̀, màmá. Wákàtí mélòó lẹ sùn lóru àná?" Ó wò mí bí ẹni pé mo ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Ó ní, "Nọ́ọ̀sì, ọ̀rọ̀ ọmọ ni mo bá wá o, kì í ṣe tèmi." Ibi tó ti ń sọ ọ́ ni omi ti lé ròrò sójú rẹ̀.

Másùnmáwo la ń pe ohun tó ń ṣe é. Ẹ gbọ́ bí ọ̀rọ̀ náà ṣe bẹ̀rẹ̀: má sùn. Ọmọ rẹ̀ ní ọ́tísíìmù, ìyẹn ni pé ọpọlọ rẹ̀ ń dàgbà lọ́nà tó yàtọ̀ sí ti ọmọ mìíràn. Ọ̀pọ̀ ọmọ tó ní i ni oorun kì í tètè gbé. Òmíràn á sùn, á jí ní aago méjì òru, ó di kí ilẹ̀ mọ́. Òbí tí kò rí oorun sùn láti oṣù mẹ́ta, kò sí ọgbọ́n ọmọ títọ́ tí mo fẹ́ kọ́ ọ tí á dúró lórí. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń bẹ̀rẹ̀ láti orí ibùsùn.

Ẹ pín òru. Bí bàbá bá wà nílé, kí ẹnìkan ṣọ́ ọmọ láti aago mẹ́sàn-án sí aago méjì, kí ìkejì gbà á títí di ìdájí, kí ẹni tí kò sí lẹ́nu ìṣọ́ sì lọ sun yàrá mìíràn. Lójú tèmi, wákàtí márùn-ún tí ẹnikẹ́ni ò jí yín sàn ju mẹ́jọ tí ẹ ń ta gìrì nínú rẹ̀ lọ. Bí Èkó ni bàbá ti ń ṣiṣẹ́, ẹ wá ẹnìkan, àbúrò yín ni o, ìyá yín ni o, tí á máa wá sùn tì yín lálẹ́ ọjọ́ kan lọ́sẹ̀. Ọmọ ní tirẹ̀, aago kan náà ni kó máa lọ sùn. Ẹ gba fóònù lọ́wọ́ rẹ̀ ní wákàtí kan ṣáájú, kí ètò alẹ́ má sì yí padà: ìwẹ̀, aṣọ àwọ̀sùn, orin kan náà. Iná á lọ, a mọ̀. Bí agbára yín bá ká fáànù tó ń lo bátìrì, ó sàn ju jẹnẹrétọ̀ tó ń han létí fèrèsé lọ, torí ariwo yẹn gan-an lè jẹ́ ohun tí kì í jẹ́ kó sùn. Omi oògùn ikọ́ tí àwọn kan ń fún ọmọ kó lè sùn, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dá a dúró. Ẹ sọ fún dókítà pé ọmọ kì í sùn. Iṣẹ́ wọn ni.

Ẹrù kejì, ẹnu ará ni. "Kí lo jẹ nígbà tóo lóyún rẹ̀?" Àwọn oníṣègùn náà ti dá irú ẹ̀ṣẹ̀ yìí rí. Dókítà Leo Kanner ṣàpèjúwe ọ́tísíìmù ní Amẹ́ríkà ní 1943, lẹ́yìn náà ni àwọn dókítà fi ọ̀pọ̀ ọdún sọ pé ìyá tí kò fẹ́ràn ọmọ ló ń fà á. Bernard Rimland, onímọ̀ nípa ìrònú ẹ̀dá tí ọmọ tirẹ̀ náà ní i, ló kọ̀wé ta kò wọ́n ní 1964. Bí ọpọlọ ṣe dàgbà ni, ohun tí à ń jogún nínú ẹ̀jẹ̀ sì kó ipa ńlá níbẹ̀. Àjọ Ìlera Àgbáyé fojú bù ú pé bí ẹnìkan nínú 127 ló ní i láyé ní 2021. Gbogbo ìyá wọ̀nyẹn kọ́ ló jẹ èèwọ̀.

Ẹ má bá ará jà. Ẹni tó bá ti ní ìmọ̀ràn, ẹ gbé iṣẹ́ fún un. Ìyá ọkọ tó ń sọ pé àdúrà yín ò tó, ẹ bẹ̀ wọ́n kí wọ́n wá gbà á nílé yín lọ́sàn-án Sátidé, kí wọ́n máa wo ọmọ, kí ẹ̀yin rí wákàtí méjì sùn. (Mo ti rí ibi tó ti ṣiṣẹ́, ẹ má rẹ́rìn-ín.) Ṣùgbọ́n ibi tí wọ́n bá ti ń na ọmọ tàbí tí wọ́n ń febi pa á kí ẹ̀mí àìmọ́ lè jáde lára rẹ̀, ẹ gbé ọmọ yín kúrò níbẹ̀ lọ́jọ́ náà.

Ọjọ́ tí ọmọ bá wó lulẹ̀ láàárín ọjà Bódìjà ńkọ́? Ẹ̀rọ ata ń ké, ọmọ fọwọ́ di etí, ó ń pariwo, gbogbo ọjà ń wò yín. Kì í ṣe àkẹ́bàjẹ́. Ara rẹ̀ ò gba ariwo mọ́ ni. Ẹ bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ tì í, ẹ dín ọ̀rọ̀ kù, ẹ rọra mú un lọ síbi tó pa rọ́rọ́. Kí ẹ sì fa èémí sínú títí ẹ fi ka ẹẹ́rin, kí ẹ rọra tú u jáde títí ẹ fi ka ẹẹ́fà, bíi ìgbà márùn-ún. Àyà tó ń já á rọlẹ̀ díẹ̀. Tòmátò lè dúró dọ̀la.

Ó wá ní ibi tí ọ̀rọ̀ kọjá oorun àti èémí. Bí ọ̀sẹ̀ méjì bá kọjá tí nǹkan kan ò dùn mọ́ yín nínú, tí ẹ ò lè sùn bí ọmọ tilẹ̀ sùn, tàbí tó ń wá sí yín lọ́kàn láti pa ara yín tàbí ọmọ lára, ẹ má dá a gbé. Dókítà ọpọlọ wà ní ilé ìwòsàn UCH n'Ìbàdàn, ó wà ní Yábàá l'Ékòó, ó wà ní Aró l'Ábẹ́òkúta. Mo mọ̀ pé orúkọ Aró ń ba àwọn èèyàn lẹ́rù. Láti 1954 ni wọ́n ti wà níbẹ̀, ẹni tó ń wọ aṣọ iṣẹ́ báǹkì lọ rí wọn pọ̀ ju bí ẹ ṣe rò lọ.

Ìyá ọjọ́ yẹn, wákàtí méjì ló sùn lóru àná rẹ̀. Mo ní kí ẹnìkejì mi jókòó ti ọmọ, mo pa fáìlì dé. Ó gbé orí lé tábìlì mi, ó ní òun kàn fẹ́ dijú díẹ̀. Ogójì ìṣẹ́jú ló sùn. Ọmọ rẹ̀ ò kúrò nídìí fáànù.