Ẹ̀jẹ̀ ọkọ lórí ìwé ìyàwó

Láti Ìlọrin títí dé Ọ̀fà àti Òmù-Àrán, bí ọ̀rọ̀ ìlera ọkùnrin bá ti délẹ̀, agídí ni wọ́n máa ń kọ́kọ́ dárúkọ. Wọ́n ní ọkùnrin kì í yọjú sí ilé ìwòsàn. Ọ̀rọ̀ yìí ń bí ni nínú, torí ọ̀pọ̀ ọkùnrin ti dé ọ̀hún. Wọ́n tiẹ̀ fi ẹ̀jẹ̀ wọn sílẹ̀ níbẹ̀.

Bí aboyún bá forúkọ sílẹ̀, ọ̀pọ̀ ilé ìwòsàn a ní kí ọkọ wá fa ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀ de ọjọ́ ìkúnlẹ̀. Wọ́n á gbé e sórí ìwọ̀n, torí ẹni tí kò bá tó 50 kílò kò lè fún. Wọ́n á wọn ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Níbi tí kò bá sí ẹ̀rọ tó ń wọn bí ẹ̀jẹ̀ ṣe ki tó, wọ́n á gún un níka, wọ́n á kán ẹ̀jẹ̀ náà sínú omi kọ́pà sọ́fétì tó rí bí aró. Bí ẹ̀kán náà bá rì kíá, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ki. Bó bá léfòó, kí ó máa lọ sílé jẹun. Kò sí iná, kò sí bátìrì, ìwúwo lásán ló ń dájọ́. Ẹni tó ronú kan èyí gbọ́n. Lẹ́yìn náà, wọ́n á fa nǹkan bíi 450 mìlílítà sínú ọ̀rá, wọ́n á sì yẹ ẹ́ wò fún HIV, àrùn ẹ̀dọ̀ tí wọ́n ń pè ní mẹ́dọ̀wú B àti mẹ́dọ̀wú C, àti sífílíìsì.

Àrùn mẹ́rin, yàtọ̀ sí ìfúnpá, lára ẹni tí wọ́n ní kì í wá! Ṣùgbọ́n ọ̀rá ni wọ́n ń yẹ̀ wò, kì í ṣe ọkùnrin náà. Bí ẹran níbi ìpẹran Ìpàta ní Ìlọrin ló rí. Ẹni tó ń yẹ ẹran wò a la ẹ̀dọ̀, bí kò bá dára, a ní kí wọ́n dà á nù, ó di orí ẹran tó kàn. Èyí tó mọ iṣẹ́ nínú wọn a béèrè agbo tí màlúù ti wá, torí ó ní àwọn tí wọ́n jọ ń mumi lódò kan náà. Mẹ́dọ̀wú B lè wà lára fún ọ̀pọ̀ ọdún láìfi àmì hàn, bẹ́ẹ̀ abẹ́rẹ́ àjẹsára rẹ̀ wà fún ìyàwó àti ìkókó. Àmọ́ màlúù ti kú ní tirẹ̀. Bàbá ìkókó gun ọ̀kadà lọ sílé ni.

Ìkà kọ́ ni ẹnikẹ́ni ṣe. Nígbà tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Olikoye Ransome-Kuti jẹ́ mínísítà ìlera, láti 1985 sí 1992, ìyá àti ọmọ ni ètò ìlera alábọ́dé kọjú sí, ó sì yẹ bẹ́ẹ̀. Rẹ́jísítà oyún wà, ti àjẹsára wà, ti ìfètòsọ́mọbíbí wà. Láti 2016, Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kí aboyún rí òṣìṣẹ́ ìlera, ó kéré tán, ẹ̀ẹ̀mẹjọ. Ọkọ rẹ̀ yọjú lẹ́ẹ̀kan, lórí ìwé ìyàwó.

Ireland ló kọ́kọ́ ṣe ìlànà ìlera ọkùnrin fún odindi orílẹ̀-èdè, ní 2008. Brazil tẹ̀lé e ní 2009. Kwara kò nílò ìwé tó tóbi tó bẹ́ẹ̀ láti bẹ̀rẹ̀. Ojú ìwé kan nínú rẹ́jísítà yàrá ẹ̀jẹ̀ tó: nọ́ńbà fóònù rẹ̀, ìfúnpá rẹ̀, orúkọ ẹni tí yóò pè é bí èsì bá jáde, àti ọjọ́ tí yóò padà wá. Oṣù mẹ́ta síra ni ọkùnrin lè tún fún ẹ̀jẹ̀, nítorí náà ọjọ́ ìpadàwá ti wà nínú ètò náà tẹ́lẹ̀. Ìfúnpá tó ti ré kọjá 140 lórí 90 kì í sábà dun ni. Bó ṣe wà yìí, ó di ìgbà tí ìyàwó bá tún lóyún kí ẹnikẹ́ni tó tún wọ̀n ọ́n.