Ológbò tó ń ṣu sórí kápẹ́ẹ̀tì: ó lè jẹ́ pé ìgbẹ́ ti gbẹ mọ́ ọn nínú

"Oríkunkun ló ń ṣe, dókítà." Bí àwọn tó ń gbé ológbò wá sọ́dọ̀ mi ṣe máa ń wí nìyẹn. Ẹran tó ti ń lo abọ́ iyanrìn láti kékeré á dédé bẹ̀rẹ̀ sí í ṣu sórí kápẹ́ẹ̀tì àti sẹ́yìn àga. Wọ́n á ti na òmíràn, wọ́n á ti fi imú òmíràn ra ìgbẹ́ rẹ̀. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ yéé nà wọ́n. Bí mo bá fọwọ́ tẹ ikùn irú ológbò bẹ́ẹ̀, lọ́pọ̀ ìgbà ni mo máa ń bá ìgbẹ́ líle tó tò tẹ̀léra nínú ìfun ńlá bí ìlẹ̀kẹ̀ tí wọ́n sín.

Ìfun ńlá ló ń fa omi tó kù nínú ìgbẹ́ padà sára. Bí ìgbẹ́ bá ṣe pẹ́ níbẹ̀ tó ni yóò ṣe gbẹ tó, yóò sì máa dun ẹran náà nígbà tó bá ń yà á. Ológbò ò mọ̀ pé inú òun ni ìrora ti wá. Abọ́ tó wà nínú rẹ̀ nígbà tó dùn ún ni yóò ka ẹ̀ṣẹ̀ sí lọ́rùn. Lọ́jọ́ kejì, á wá ibi tó rọ̀ lọ, tàbí kó kúkú mú ìgbẹ́ náà mọ́ra, kó sì tún gbẹ sí i.

Àìtó omi ló wọ́pọ̀ jù nínú ohun tó ń fà á. Inú aṣálẹ̀ ni ìran ológbò ti ṣẹ̀, òùngbẹ kì í tètè gbẹ wọ́n. Oúnjẹ gbígbẹ inú àpò kò ní ju nǹkan bí ìdá 10 nínú 100 omi lọ, nígbà tí ti inú agolo ní tó ìdá 75. Egungun adìẹ náà ń mú ìgbẹ́ le. Lára ológbò àgbà, mo máa ń wá àìsàn kíndìnrín àti aromọléegun, nítorí ẹni tí orúnkún ń dùn kò ní lè gun abọ́ tí etí rẹ̀ ga. Èyí tí mọ́tò tàbí ọ̀kadà ti kọlù rí, tí egungun ìbàdí rẹ̀ jinná ní wíwọ́, ọ̀nà ìgbẹ́ rẹ̀ lè ti fún.

Ibì kan wà tí mi ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni ti ṣì í. Bí akọ ológbò bá ń wọ abọ́, tó ń jáde, tó ń gbin, tí iyanrìn sì gbẹ, ó lè jẹ́ ìtọ̀ ni kò lè jáde. Èyí lè pa á láàárín ọjọ́ méjì sí mẹ́ta. Ẹ gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà ẹranko lọ́jọ́ náà gan-an, kódà bó bá jẹ́ òru.

Ẹ má ra oògùn tí wọ́n ń fà sí ènìyàn nídìí ní kẹ́mísì fún un. Èyí tó ní phosphate nínú ń pa ológbò. Ẹ má da òróró sí i lẹ́nu, ó lè gba ẹ̀dọ̀fóró lọ. Wàrà kì í ṣe oògùn rẹ̀. Dókítà lè fún un ní lactulose, oògùn tó ń mú ìgbẹ́ rọ̀, ní ìwọ̀n tó bá ara rẹ̀ mu.

Nílé, ẹ gbé omi sí ibi méjì tàbí mẹ́ta, kó jìnnà sí oúnjẹ. Ẹ da omi ẹja tí kò ní iyọ̀, ata tàbí àlùbọ́sà sórí oúnjẹ rẹ̀. Ẹ máa kó ìgbẹ́ inú abọ́ lójoojúmọ́, kí ẹ sì gbé abọ́ náà jìnnà sí jẹnẹrétọ̀. Ológbò méjì, abọ́ mẹ́ta. Ọṣẹ lásán ni kí ẹ fi fọ abọ́: Izal àti Dettol jẹ́ májèlé fún ológbò.

Ẹ̀ẹ̀kan lójúmọ́ ni ọ̀pọ̀ ológbò ń yàgbẹ́. Bí ọjọ́ méjì bá kọjá láìyà, ẹ pe dókítà. Bó bá ti ń bì tàbí tí kò jẹun, ẹ má dúró dọjọ́ kejì. Ẹ kọ ọjọ́ tó yà kẹ́yìn sílẹ̀ kí ẹ tó wá, torí òun la máa kọ́kọ́ bi yín.