Ibi tí àyẹ̀wò ètò ìlú ti ṣẹ̀ wá

Láràárọ̀ ní Newmarket, ní ìlà-oòrùn ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, àwọn ẹṣin eré-ìje máa ń tò lọ́wọ̀ọ̀wọ́ sọdá títì lọ sí pápá tí wọ́n ti ń sáré. Mọ́tò á dúró dè wọ́n. Lọ́dún 2010, ìgbìmọ̀ ìbílẹ̀ Forest Heath fọwọ́ sí ètò ìlú tuntun, wọ́n sì kọ ọ́ síbẹ̀ pé ilé 1,200 ni wọ́n máa kọ́ sí àríwá-ìlà-oòrùn ìlú náà. Àwọn ẹlẹ́ṣin fárígá. Mọ́tò ilé 1,200 àti ẹṣin, ṣé títì kan náà ni wọ́n á jọ máa gbà? Wọ́n gbé ìgbìmọ̀ lọ sí kóòtù. Nínú oṣù kẹta ọdún 2011, Adájọ́ Collins fagi lé apá tó sọ̀rọ̀ ilé yẹn. Ìwé àyẹ̀wò ló mú un ṣe bẹ́ẹ̀, ìwé tí wọ́n fi yẹ ètò náà wò kí wọ́n tó fọwọ́ sí i: kò ṣàlàyé fún ará ìlú ìdí tí wọ́n fi pa àwọn ọ̀nà mìíràn tó wà nílẹ̀ tì.

Ẹni tó bá fẹ́ mọ ibi tí irú ìwé bẹ́ẹ̀ ti rí agbára, kó padà sí Amẹ́ríkà lọ́dún 1969. Ní ọjọ́ 28 oṣù kìíní ọdún yẹn, kànga epo kan bẹ́ nínú òkun lẹ́bàá Santa Barbara, ní California. Epo bo etíkun, ẹyẹ òkun kú lọ bí ilẹ̀ bí ẹní, tẹlifíṣọ̀n sì gbé e dé pálọ̀ oníkálukú. Nígbà tó di oṣù kẹfà, odò Cuyahoga gbiná ní Cleveland. Odò ni mo wí o! Epo àti ìdọ̀tí iléeṣẹ́ tó léfòó lórí omi ni iná ràn mọ́, kì í sì í ṣe ìgbà àkọ́kọ́.

Lásìkò yẹn, Sẹ́nétọ̀ Henry Jackson ní àbádòfin kan lọ́wọ́ nípa àyíká. Ọ̀jọ̀gbọ́n kan ní Yunifásítì Indiana, Lynton Caldwell, ló ń gbà á nímọ̀ràn. Òun ló sọ fún àwọn aṣòfin nínú oṣù kẹrin ọdún 1969 pé kí wọ́n má fi ọ̀rọ̀ dídùn nìkan mọ, kí wọ́n fi ohun tó máa mú ìjọba ṣe é tipátipá kún un. Ibẹ̀ ni ìwé náà ti jáde: kí iléeṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ tó dáwọ́ lé ohun ńlá tó lè yí àyíká padà, kó kọ́kọ́ kọ ohun tó máa bàjẹ́ sílẹ̀, kó sì kọ ọ̀nà mìíràn tó lè gbà. Ààrẹ Nixon buwọ́ lu òfin náà ní ọjọ́ kìíní ọdún 1970.

Àjọ tó ń rí sí agbára átọ́míìkì fẹ́ gbọ́n ju àwọn aṣòfin lọ. Wọ́n ní ìwé náà á máa bá fáìlì rìn láti orí tábìlì kan dé òmíràn, ṣùgbọ́n kò pọn dandan káwọn tó ń ṣèpinnu yẹ̀ ẹ́ wò, àfi tẹ́nìkan bá pe ẹjọ́ rẹ̀. Lọ́dún 1971, nínú ẹjọ́ Calvert Cliffs, ibùdó agbára átọ́míìkì kan ní Maryland, Adájọ́ Skelly Wright kọ̀ jálẹ̀. Ó ní wọ́n gbọ́dọ̀ gbé ohun tó wà nínú rẹ̀ sórí ìwọ̀n ní gbogbo ìpele. Lójú tèmi, ọjọ́ yẹn ni wọ́n bí àyẹ̀wò àyíká. Oyún rẹ̀ ni òfin Nixon.

Yúróòpù ṣe tiwọn lọ́dún 1985, ṣùgbọ́n iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ni òfin wọn ń wò: ilé ìfọpo, ọ̀nà márosẹ̀, pápákọ̀ òfurufú. Ẹni tó bá ti bá tánpúlánì ṣe pọ̀ rí á tètè rí ibi tí ìyẹn kù sí. Nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, láti ìgbà òfin 1947, ìgbìmọ̀ ìbílẹ̀ ló ń ya ètò ìlú: ilé níbí, iléeṣẹ́ lọ́hùn-ún, ká má fọwọ́ kan igbó tọ̀hún. Kí ẹni tó fẹ́ kọ́lé tó gbé iṣẹ́ rẹ̀ wá fún àyẹ̀wò, ètò ti là á sílẹ̀ tipẹ́ pé ibẹ̀ ni kó kọ́ ọ sí. Àgbàrá òjò ò lóun ò nílé wó, onílé ni ò ní gbà fún un; ṣùgbọ́n kí ni onílé fẹ́ ṣe sí àgbàrá tí máàpù ìjọba fúnra rẹ̀ darí sẹ́nu ọ̀nà rẹ̀?

Ìbéèrè náà, kí ló máa bàjẹ́, ọ̀nà mìíràn wo ló sì wà, ní láti gun òkè dé orí ètò fúnra rẹ̀. Lọ́dún 1987, ìgbìmọ̀ tí Gro Harlem Brundtland ti Norway darí fún Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé sọ ìdàgbàsókè tó ń tọ́jọ́ di ọ̀rọ̀ tí gbogbo ìjọba ń pè: ká gbọ́ bùkátà tiwa láìjẹ tàwọn ọmọ tó ń bọ̀ lẹ́yìn mọ́ ọn. Ọdún márùn-ún lẹ́yìn náà ni àpérò àgbáyé lórí àyíká ní Rio, ní Brazil. Ọdún 1992 yẹn náà ni ìjọba London sọ fún àwọn ìgbìmọ̀ ìbílẹ̀ pé kí wọ́n máa ro ti àyíká bí wọ́n bá ń ya ètò, wọ́n sì tẹ ìwé ìtọ́nisọ́nà fún wọn lọ́dún 1993. Ìmọ̀ràn ni o, kò léyín. Ọdún 2001 ni Yúróòpù fún un léyín, wọ́n pàṣẹ pé kí orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan fi í sófin kí oṣù keje 2004 tó parí. Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ṣe bẹ́ẹ̀, wọ́n tún fi òfin tiwọn lé e lọ́dún kan náà, pé yàtọ̀ sí àyíká, kí wọ́n yẹ ọrọ̀ ajé àti ìgbé-ayé aráàlú wò pẹ̀lú. Iṣẹ́ méjèèjì ni ọ̀pọ̀ ìgbìmọ̀ ń dà pọ̀ sínú ìwé kan.

Bí wọ́n ṣe ń ṣe é nìyí. Wọ́n á kọ́kọ́ wo bí nǹkan ṣe rí: afẹ́fẹ́, omíyalé, ẹranko, ilé àtijọ́, iṣẹ́, ìlera. Wọ́n á fi ohun tí wọ́n fẹ́ yẹ̀ wò ránṣẹ́ sí àjọ mẹ́ta, tí wọ́n ní ọ̀sẹ̀ márùn-ún láti fèsì: èyí tó ń rí sí àyíká, èyí tó ń rí sí igbó àti ẹranko, àti èyí tó ń rí sí ogún àtijọ́. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á to gbogbo ìlànà sínú tábìlì, wọ́n á sì máa fún un ní máàkì: àmì ìròpọ̀ méjì fún ohun tó dára gan-an, àmì ìyọkúrò fún èyí tó máa ba nǹkan jẹ́, àmì ìbéèrè fún èyí tí kò tíì dájú. Èmi ò gba tábìlì tí gbogbo rẹ̀ jẹ́ ìròpọ̀ gbọ́. Ẹni tó ya ètò ló sábà máa ń sanwó fún ẹni tó ń fún un ní máàkì.

Ohun tó sì ń gbà wá lọ́wọ́ irú tábìlì bẹ́ẹ̀ ni ọ̀rọ̀ tí wọ́n ti ń sọ láti ayé Caldwell: ọ̀nà mìíràn wo lẹ wò, kí ló dé tẹ́ ẹ fi pa á tì? Òun ló bi ètò Newmarket ṣubú. Lọ́dún 2012, ó tún mú kóòtù dá apá kan ètò Norwich padà.

Àwọn èèyàn wa tó ń gbé Peckham, ní London, ò jìnnà sí i. Ètò tí ìgbìmọ̀ Southwark yà fún Old Kent Road ń sọ̀rọ̀ ilé 20,000, bẹ́ẹ̀ òpópónà yẹn ni ọ̀pọ̀ ìjọ wa ti ń jọ́sìn nínú ilé ìkẹ́rùsí àtijọ́. Southwark da àyẹ̀wò ẹ̀tọ́ ọgbọọgba àti ìlera mọ́ ti àyíká. Ẹni tó bá ń bẹ̀rù pé wọ́n á lé ìjọ òun kúrò, inú ìwé yẹn ló yẹ kó ti wá bóyá wọ́n tiẹ̀ rí i. Kó sì má fi falẹ̀, nítorí òfin kan tí wọ́n ṣe nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lọ́dún 2023 ti fún àwọn mínísítà lágbára láti fi ìwé mìíràn rọ́pò rẹ̀.

Nílé ńkọ́? Ìlú Koko ló kọ́ wa lọ́gbọ́n. Lọ́dún 1988, wọ́n rí àwọn dúrọ́ọ̀mù májèlé tí wọ́n kó láti Ítálì wá síbẹ̀, ní ìpínlẹ̀ Bendel ìgbà náà. Kí ọdún tó parí, ìjọba ológun ti dá FEPA, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń dáàbò bo àyíká nígbà náà, sílẹ̀, àṣẹ lórí àyẹ̀wò ipa àyíká sì tẹ̀lé e lọ́dún 1992: àṣẹ kẹrìndínláàádọ́rùn-ún. Àṣẹ kejìdínláàádọ́rùn-ún, lọ́dún kan náà, ni ti ètò ìlú àti ìgbèríko. Nọ́ńbà kan péré ló wà láàárín wọn. Ti ètò ìlú ní kí ẹni tó fẹ́ fi ilẹ̀ tó ju hẹ́kítà méjì lọ kọ́lé gbígbé, tàbí tó fẹ́ kọ́ ọ́fíìsì tó ju àjà mẹ́rin lọ, mú ìwé àyẹ̀wò àyíká wá. Ẹni tó ya máàpù tó ní kó kọ́ ọ síbẹ̀, kò sí èyí tó dárúkọ ìwé tirẹ̀ nínú àṣẹ méjèèjì.