Iyọ̀ tó wà nínú káún

Ẹni tí dókítà bá sọ fún pé kó dín iyọ̀ kù nítorí ẹ̀jẹ̀ ríru sábà máa ń gbọ́ràn. Á ní kí wọ́n rọra bu iyọ̀ sọ́bẹ̀ òun, á dín Maggi kù. Lẹ́yìn náà á jókòó ti ẹ̀wà tí wọ́n fi káún sè. Iyọ̀ ni káún yẹn náà o! Iṣẹ́ láàbù ni mò ń ṣe níbí ní Abuja, omi àti oúnjẹ la máa ń yẹ̀ wò, ọ̀rọ̀ káún yìí sì ni mo máa ń bá àwọn ará ilé wa fà jù.

Sóbò ló máa jẹ́ kó yé wa. Ẹ bu sóbò tí ẹ kò tíì fi nǹkan kan sí sínú ife méjì. Ẹ fún ọsàn wẹ́wẹ́ sí ọ̀kan, á pọ́n yòò. Ẹ po káún mọ́ omi, kí ẹ máa kán an sínú èkejì. Á kọ́kọ́ hó díẹ̀, torí sóbò fúnra rẹ̀ kan. Lẹ́yìn náà àwọ̀ pupa yẹn á ṣókùnkùn, á wá máa fà sí àwọ̀ ewé. Ẹ dà á nù, ẹ má mu ún.

Ásíìdì, ohun tó máa ń mú kí nǹkan kan lẹ́nu, ló wà nínú ọsàn wẹ́wẹ́. Omi káún jẹ́ álíkálì, òdìkejì ásíìdì. Sørensen, onímọ̀ kẹ́míkà ará Denmark, ló ṣe òṣùwọ̀n pH tí a fi ń wọ̀n wọ́n, lọ́dún 1909. Omi tó mọ́ gaara wà ní 7, ásíìdì wà nísàlẹ̀ rẹ̀, álíkálì wà lókè rẹ̀: ọsàn wẹ́wẹ́ wà ní nǹkan bíi 2, omi káún sì lè tó 10. Ìlọ́po mẹ́wàá ni ìṣísẹ̀ kọ̀ọ̀kan, nítorí náà 2 àti 3 jìnnà síra wọn ju bí ẹ ṣe rò lọ.

Bí ásíìdì àti álíkálì bá pàdé, wọ́n á pa agbára ara wọn, iyọ̀ àti omi ló máa kù. Irú ásíìdì líle tó wà nínú ikùn wa (hydrochloric) pẹ̀lú kọ́sítíkì táwọn tó ń ṣe ọṣẹ ń lò máa ń bí iyọ̀ ọbẹ̀, tí kò kan, tí kò sì korò. Àmọ́ bí ásíìdì bá jẹ́ aláìlágbára, irú èyí tó ń hó nínú mínírà, ọwọ́ álíkálì ló máa lékè nínú iyọ̀ tí wọ́n bá bí. Irú iyọ̀ bẹ́ẹ̀ ni káún tí wọ́n ń wà lágbègbè adágún Chad. Ìdí nìyẹn tó fi ń tú ohun tó lẹ ara ẹ̀wà pọ̀, tí ẹ̀wà fi ń tètè rọ̀. Ó ń ba fítámì B1 inú rẹ̀ jẹ́ pẹ̀lú.

Sodium, ọ̀kan lára èròjà tó para pọ̀ di iyọ̀ ọbẹ̀, ni dókítà ń sá fún nínú iyọ̀. Gíráàmù 100 iyọ̀ ọbẹ̀ ní nǹkan bíi gíráàmù 39 rẹ̀. Káún tí kò ní ìdọ̀tí ní nǹkan bíi 30. Ẹni tó sì ń lá káún nítorí inú rírun, ásíìdì inú ikùn ló ń bá a pàdé: afẹ́fẹ́ á jáde, á gùnfẹ̀, ara á tù ú. Ohun tó ṣẹ́kù síkùn ni iyọ̀ ọbẹ̀ gan-an.

Láàárín ọdún 1970 sí 1979, àwọn dókítà ní Zaria kọ̀wé nípa àwọn abiyamọ tí ara wọn ń wú, tí ọkàn wọn kò sì lè ṣiṣẹ́ dáadáa mọ́ lẹ́yìn ìbímọ. Wọ́n tọ́ka sí kúnú oníkáún táwọn ìyá náà ń mu kí ọmú lè yọ, àti ooru tí wọ́n ń fi sára. Sodium máa ń dá omi dúró lára. Ìwádìí tó dé lẹ́yìn náà kò di gbogbo ẹ̀bi ru káún, ṣùgbọ́n èmi kò ní gba abiyamọ tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ń wú nímọ̀ràn pé kó mu ún.

Mo mọ̀ pé gáàsì ti wọ́n. Ẹ rẹ ẹ̀wà sómi láti alẹ́, ẹ da omi náà nù láàárọ̀ kí ẹ tó gbé e kaná. Á tètè jiná. Bí ẹ bá sì dé ọ̀dọ̀ dókítà, ẹ ka káún mọ́ ohun tí ẹ ń jẹ.