Ìkérora Ọmọ Ni Ìpilẹ̀ Rẹ̀: Bí Wọ́n Ṣe Mọ Bí A Ti Ń Já Ọmọ Tí Oṣù Rẹ̀ Kò Pé Kúrò Lẹ́nu Ẹ̀rọ Amúnimí

Kí dókítà kankan tó ronú kan ẹ̀rọ ni ọmọ tí oṣù rẹ̀ kò pé ti mọ ọgbọ́n náà. Bó bá ń mí síta, a fún tán-án-ná ọ̀fun rẹ̀ pọ̀, ìkérora a jáde, afẹ́fẹ́ díẹ̀ a sì há sínú ẹ̀dọ̀fóró. Ó nílò rẹ̀. Surfactant, èròjà tí kì í jẹ́ kí àwọn àpò kéékèèké inú ẹ̀dọ̀fóró lẹ̀ pọ̀ bí ọ̀rá tí omi rin, kò tó lára rẹ̀. Mary Ellen Avery àti Jere Mead ló fi èyí hàn ní 1959. Ó ṣeé ṣe kí àwọn agbẹ̀bí àtijọ́ ti máa gbọ́ ìkérora náà, kí wọ́n kà á sí àmì ikú, nígbà tó jẹ́ pé ìjà ni ọmọ ń jà.

Àwọn kan ní August von Reuss, dókítà ará Austria, ló pilẹ̀ fífi afẹ́fẹ́ tí kì í dẹ̀ ti irú ẹ̀dọ̀fóró bẹ́ẹ̀, pẹ̀lú ẹ̀rọ olómi tó ṣàpèjúwe ní 1914. Ẹ̀rọ náà dára, àmọ́ kò ní àrólé.

Cape Town, nílẹ̀ Áfríkà wa, ni ìpilẹ̀ gan-an wà. Ní 1968, àwọn olùwádìí Harrison, Heese àti Klein kọ ọ́ síta níbẹ̀ pé bí wọ́n bá ki rọ́bà gba ọ̀fun ọmọ tó ń kérora, ìkérora a dá, ọ́síjìn inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ a sì já wálẹ̀. Rọ́bà tí a fi ń gba ọmọ là ló tún ń gba ohun ìjà ọwọ́ rẹ̀! Inú àkíyèsí yìí ni gbogbo ìyókù ti jáde. Ní San Francisco, George Gregory fi afẹ́fẹ́ tí kì í dẹ̀ ti ẹ̀dọ̀fóró ọmọ 20, 16 sì yè. Ó tẹ ìròyìn rẹ̀ jáde ní 1971. Ní 1973, Kattwinkel gbé e wá sí ihò imú.

Ọ̀rọ̀ ọmú ni àwọn oníṣègùn fi ń pe iṣẹ́ jíjá ọmọ kúrò lẹ́nu ẹ̀rọ, ó sì bá a mu: a kì í já ọmọ lẹ́nu ọmú láìní oúnjẹ mìíràn nílẹ̀. CPAP ti imú, ìyẹn afẹ́fẹ́ tí kì í dẹ̀ tí à ń fẹ́ gba ihò imú, ni oúnjẹ ọ̀hún, a sì gbọ́dọ̀ tò ó sílẹ̀ kí a tó fa rọ́bà ọ̀fun yọ. Kaféènì sítíréètì, oògùn tó ń ta ọmọ jí láti mí, ló ń ṣáájú: mílígíráàmù 20 fún kílò kan, lẹ́yìn náà 5 sí 10 lójoojúmọ́. Kí ọ́síjìn tí ọmọ ń gbà ti wálẹ̀ sí nǹkan bí ìdá 30 nínú 100. Ẹ má fi í sílẹ̀ fún wákàtí púpọ̀ kó máa dá mí gba rọ́bà mílímítà 2.5 láti dán an wò. Bí ihò bá dín sí ìdajì, ìdènà a di ìlọ́po 16, àárẹ̀ a sì mú un.

Nínú CPAP olómi, ẹnu rọ́bà tó wọ omi ní sẹ̀ǹtímítà 5 sí 8 ló ń sọ bí agbára afẹ́fẹ́ ṣe tó. Kí afẹ́fẹ́ náà gbóná tó 37°C, kó sì ní ọ̀rinrin. Bí omi kò bá hó mọ́, ẹnu ọmọ ti là, tàbí ohun tí a fi sí imú kéré jù. Bó bá tẹ ògiri àárín imú, egbò dé. Ẹ fi àlàfo mílímítà 2 sílẹ̀. Afẹ́fẹ́ tún ń wú ikùn, nítorí náà rọ́bà tó gba ẹnu lọ sí ikùn gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀, kó ṣí sílẹ̀.

Ní 2013, Manley àti ẹgbẹ́ rẹ̀ ní Australia fi rọ́bà imú tó ń yára fẹ́ afẹ́fẹ́ wé CPAP lára ọmọ 303 tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ kúrò lẹ́nu ẹ̀rọ. Kò rẹ̀yìn sí CPAP. Ṣùgbọ́n nínú àwọn tí kò ṣiṣẹ́ fún, CPAP ló gba nǹkan bí ìdajì wọn sílẹ̀ lọ́wọ́ rọ́bà ọ̀fun.