Ohun Tí Dókítà Ń Wá Lára Ẹni Tó Ní Ọgbẹ́ Inú

Bí ẹni tó ní ọgbẹ́ inú, èyí tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ń pè ní ọ́lísà, bá dé iwájú dókítà ní Kubwa tàbí Gwagwalada, ohun tó sábà máa ń retí ni pé bí wọ́n bá ti tẹ ikùn òun, àìsàn náà yóò fara hàn. Kì í fi bẹ́ẹ̀ rí bẹ́ẹ̀. Ọgbẹ́ tí kò tíì fa ìjàǹbá, ìbáà wà nínú àpòlúkù tàbí ní ìbẹ̀rẹ̀ ìfun kékeré, lè má fi àmì kankan hàn ju pé kí òkè ìdodo, lábẹ́ egungun àyà, máa dun aláìsàn díẹ̀ bí wọ́n bá tẹ̀ ẹ́, bẹ́ẹ̀ irú ìrora yìí lè ṣe ẹni tí kò ní ọgbẹ́ rárá. Ẹ̀rọ tẹ́ẹ́rẹ́ oníkámẹ́rà tí wọ́n ń kì gba ọ̀nà ọ̀fun ni í fi ojú ọgbẹ́ hàn. Ìjàǹbá ni ọwọ́ dókítà ń wá ní tirẹ̀: bóyá ọgbẹ́ náà ń ṣẹ̀jẹ̀, bóyá ó ti lu já, tàbí bóyá ó ti dí ọ̀nà oúnjẹ.

Ti ẹ̀jẹ̀ ni wọ́n ń kọ́kọ́ wò. Àìtó ẹ̀jẹ̀ kì í tètè hàn lára aláwọ̀ dúdú, nítorí náà inú ìpéǹpéjú ìsàlẹ̀, ahọ́n àti àtẹ́lẹwọ́ ni dókítà ń yẹ̀ wò bóyá wọ́n ti funfun. Yóò ka bí ọkàn ṣe ń lù, yóò sì wọn ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ nígbà tí aláìsàn dùbúlẹ̀ àti nígbà tó dìde. Bí nọ́ńbà òkè ìfúnpá náà bá fi 20 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ wálẹ̀ nígbà tó dìde, ó ṣeé ṣe kí ẹ̀jẹ̀ ti dínkù. Lára ọ̀dọ́, ọkàn a máa sáré kí ìfúnpá tó wálẹ̀, èyí tó lè tan ẹni tó bá gbójú lé ìfúnpá nìkan jẹ. Fífi ìka tó wọ ìbọ̀wọ́ yẹ ihò ìdí wò ni ọ̀pọ̀ aláìsàn kì í fẹ́, àmọ́ ibẹ̀ ni wọ́n ti ń rí ìgbẹ́ dúdú tó ń lẹ̀ bí ọ̀dà, tó sì ń rùn gidigidi. Oògùn ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n ń tà ní kẹ́míìsì náà ń sọ ìgbẹ́ di dúdú, ṣùgbọ́n kì í lẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Bí ọgbẹ́ bá lu já, ìrora ń dé lójijì. Omi kíkan inú àpòlúkù ti dà sínú ikùn, ìdí nìyí tí aláìsàn fi ń dùbúlẹ̀ gbagidi láìmira, nítorí pé ìmira díẹ̀ ń dá kún ìrora náà. Ikùn a le, a kì í sì í gbọ́ ariwo ìfun mọ́. Bí dókítà bá fi ìka lu apá ọ̀tún, níbi tí ẹ̀dọ̀ wà, ìró tó yẹ kó wúwo lè dún bí ibi tó ṣófo, torí pé afẹ́fẹ́ tó jáde nínú àpòlúkù ti gòkè lọ síbẹ̀. Lára àgbàlagbà, tàbí ẹni tó ń lo oògùn sítẹ́rọ́ìdì, ìyẹn oògùn tó ń dín wíwú ara kù, ikùn lè má le tó bẹ́ẹ̀ bí ọ̀ràn tilẹ̀ ti burú. Ibà tàífọ́ọ̀dù náà lè lu ìfun já nílẹ̀ wa, nítorí náà wọ́n máa ń bèèrè bóyá ibà ti ń ṣe é tẹ́lẹ̀. Èyíkéyìí tó bá jẹ́, iṣẹ́ abẹ kíákíá ló sábà máa ń bá a mu.

Dídí ọ̀nà oúnjẹ kò wọ́pọ̀ tó bẹ́ẹ̀. Ẹni náà ń bì, ó sì ń rù. Bí wọ́n bá mi ikùn rẹ̀ nígbà tó ti lé ní wákàtí 4 tó ti jẹun, omi lè máa dún nínú rẹ̀. Bí wúlíwúlí, ìyẹn kókó tó wú, bá sì wà lápá òsì, lókè egungun tó ti ìsàlẹ̀ ọ̀fun lọ sí èjìká, dókítà yóò ronú nípa jẹjẹrẹ àpòlúkù, wọn yóò sì gé díẹ̀ lára ojú ọgbẹ́ náà fún àyẹ̀wò.