Ọwọ́ Yín Kò Sí Nínú Sáńpépà

Akẹ́kọ̀ọ́ ọnà á gbé ère tó ti fín láti orí dé ẹsẹ̀ wá, á ní, "Ọ̀gá, ẹ bá mi wò ó, ṣé ọwọ́ tèmi ti hàn?" Ọwọ́ ni àrà tí a fi ń mọ iṣẹ́ ẹnìkan yàtọ̀ sí ti ẹlòmíràn. Tirẹ̀ kò tíì hàn. Irun dídì àti ìlẹ̀kẹ̀ ọrùn nìkan ló hàn, ẹnikẹ́ni ló sì lè fín ìyẹn.

Ọnà lílé, àlétúnlé (títún un lé kí ẹ̀yà ara lè yọ dáadáa), dídán, fínfín: bí àwọn gbẹ́nàgbẹ́nà wa ṣe ń to iṣẹ́ ère nìyẹn. Ọnà lílé, tí àáké kọ́kọ́ ń bá igi sọ̀rọ̀, ni ọwọ́ ẹni ti ń jáde. Ibẹ̀ lẹ ti ń pinnu bí orí yóò ṣe tóbi sí ara, àti bí àlàfo yóò ṣe wà láàárín apá àti ìhà. Ohun tó bá ti wọ́ níbẹ̀, fínfín kò lè tọ́ ọ.

Ẹ wá igi ọ̀mọ̀ mẹ́ta, kí ọ̀kọ̀ọ̀kan ga tó sẹ̀ǹtímítà 30. Ẹ gbẹ́ obìnrin tó kúnlẹ̀ sára mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Kí orí àkọ́kọ́ jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 10, ìkejì 7, ìkẹta 5. Ẹ dúró síbi àlétúnlé. Ẹ má fín ojú, ẹ má fi sáńpépà kàn án rárá. Ẹ wo àpá tí irin fi sílẹ̀, bí ìpẹ́ ẹja: tẹlòmíràn kúrú, ó jìn, tẹlòmíràn gùn, ó fẹ̀. Àpá yẹn gan-an ni sáńpépà ń pa rẹ́.

Àwọn kan ń tàn yín pé ìkọ́ṣẹ́ ń pa ọwọ́ ẹni. Irọ́ ni! Lamidi Fákẹ́yẹ kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ George Bándélé, ọmọ Àreògún ará Òsì, síbẹ̀ ẹni tó ní ojú ọnà kì í ṣi iṣẹ́ wọn mọ̀. Ẹ gbé ilẹ̀kùn Àreògún, tí ère kún fọ́fọ́ láìyọ síta púpọ̀, sí ẹ̀gbẹ́ èyí tí Olówè ará Ìsẹ̀ gbẹ́ fún ààfin Ìkẹ́rẹ́, tí àwọn èèyàn inú rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ bọ́ síta. Ọnà lílé ló yà wọ́n.

Ẹ sì jọ̀ọ́, ẹ yéé sọ pé ère là nítorí pé inú ń bí igi. Igi tútù ń súnkì bó ti ń gbẹ, ó sì ń súnkì ní àyíká ju bó ti ń súnkì láti èèpo wọ inú lọ, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po méjì. Bí ọkàn igi bá wà láàárín ère, ẹ̀yìn á máa fà, inú kò ní gbà, yóò sán. Ẹ la ìtì igi sí méjì, ẹ gbẹ́ ọkàn rẹ̀ dànù, ẹ fi ìda tàbí ọ̀dà kun ẹnu rẹ̀ méjèèjì lọ́jọ́ tí wọ́n gé e gan-an. Bí iṣẹ́ kò bá tíì parí, ẹ fi aṣọ tútù wé e lálẹ́, kí ẹ fi ọ̀rá bò ó. Ẹ má sá a sóòrùn, ẹ má yá a níná.

Àwọn tó ń po gúmù mọ́ èérún pákó láti fi dí ojú sísán, tí wọ́n á fọ̀dà bò ó, tí wọ́n á tà á, oníbàárà ni wọ́n ń jà lólè. Tí ère náà bá dé yàrá tí ẹ̀rọ amúlétutù ti ń ṣiṣẹ́ tọ̀sán-tòru, yóò tún là níbòmíràn.